Ọmọ Tí Wọ́n Pè Ní Wèrè L'Ọ́jọ́ Ọjà, Tí Ẹjọ́ Rẹ̀ Dé Ìlọrin

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí ro ara yín wò ná. Bí ọmọ ẹni bá jí ní àárọ̀ ọjọ́ kan, tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tó ní, "Bàbá mi, Ìyá mi, ẹ má bínú o, mo ti di onígbàgbọ́," kí ni èèyàn yóò ṣe? N'Íbàdàn, wọ́n lè ní kó máa bá tiẹ̀ lọ. Ṣebí bàbá ń lọ mọ́ṣáláṣí, ìyá ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹran Iléyá àti ìrẹsì Kérésì sì ni gbogbo wọn jọ ń jẹ. Ṣùgbọ́n kí irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní agboolé kan ní Pàkátà tàbí ní Gàm̀bàrí, n'Ílọrin níbí? Hà! Kí oòrùn tó wọ̀, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò l'ẹ́nu bàbá àti ọmọ. Ó ti di ti mọ̀lẹ́bí, ó ti di ti àdúgbò. Ìyá àgbà ti ń sunkún. Àbúrò bàbá ti ń béèrè ẹni tó gba orí ọmọ náà. Ẹ̀gbọ́n tó ń san owó ilé-ìwé ti ní kí wọ́n lọ gbà á l'ọ́wọ́ Jésù.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá wọn l'ẹ́bi ní kíá. Ìlú àfáà ni Ìlọrin. Láti ìgbà tí Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ti ké sí Àlùfáà Àlímì, tí Abdulsalami, ọmọ Àlímì, sì di Ẹ́míà àkọ́kọ́, ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti wọ inú orúkọ, ó ti wọ inú ìgbéyàwó, ó ti wọ inú ìsìnkú. Ẹni tó bá jáde kúrò nínú rẹ̀, lójú àwọn èèyàn rẹ̀, inú ilé ló ti jáde. Ta ni yóò kí i ní ìrun òkú bó bá kú? Ta ni yóò so yìgì ọmọ rẹ̀? Ibi tó ń dunni nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gbé ìtàn kan yẹ̀ wò, ìtàn ọmọ agbègbè yìí kan náà, tí wọ́n mú wá sí Ìlọrin bí ọ̀daràn nítorí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Ẹni tó bá gbọ́ ọ dópin yóò mọ̀ pé kì í ṣe inú agboolé Ìmàle nìkan ni wọ́n ti ń kọ ọmọ l'ẹ́yìn.

ALÁGBẸ̀DẸ TÓ DI AWAKỌ̀ RÓLÀ

Orúkọ rẹ̀ ni Joseph Ayọ̀ Babalọlá. Ìlú Odò-Ọwá ni wọ́n ti bí i, l'ọ́jọ́ 25 oṣù kẹrin ọdún 1904. Abẹ́ Ìlọrin ni Odò-Ọwá wà nígbà ayé òyìnbó, Ìpínlẹ̀ Kwara ló sì wà títí di òní. David Rótìmí ni bàbá rẹ̀, Martha Talabí ni ìyá rẹ̀. Onígbàgbọ́ ni wọ́n. Kódà, Bàbá Ìjọ ni bàbá rẹ̀ nínú ìjọ C.M.S. tó wà ní Odò-Ọwá, ìjọ tí à ń pè ní Áńgílíkà lónìí.

Ẹlòmíì á ní, "Ẹ dúró ná, ṣebí ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni, ìgbàgbọ́ wo ló tún fẹ́ gbà?" Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Orúkọ onígbàgbọ́ ni wọ́n bí i sí. Ìgbàgbọ́ tó mú un kúrò l'ẹ́nu iṣẹ́, tó mú un ta eérú s'ára, òun fúnra rẹ̀ ló bá a pàdé.

Kì í ṣe ọmọ ìwé ńlá. Ó kàwé dé Sítáńdáàdì Fọ́ọ̀ ní Òṣogbo, ló bá ní òun fẹ́ kọ́ṣẹ́ ọwọ́. Ó lọ kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ. Ẹ̀yin alágbẹ̀dẹ tó ń fẹ́ná l'Ílọrin, ará yín ni. Kò pẹ́ níbẹ̀ tó fi bọ́ sí iléeṣẹ́ P.W.D., àwọn tó ń la títì fún ìjọba òyìnbó. Wọ́n fi í sí orí rólà, ẹ̀rọ ńlá tí ń tẹ títì mọ́lẹ̀. Ẹ rántí o, ní ọdún 1928, ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá ń wa rólà ìjọba, èèyàn pàtàkì ni. Iṣẹ́ òyìnbó ni, owó oṣù ni. Bàbá ìyàwó kò ní pẹ́ fún irú wọn l'ọ́mọ.

Oṣù kẹwàá ọdún náà ni nǹkan yí padà. Ohun tí Babalọlá fúnra rẹ̀ máa ń sọ fáwọn èèyàn ni pé fún bí ọ̀sẹ̀ kan ni oorun kò kùn òun, tí oúnjẹ kò sì lọ l'ẹ́nu òun. Nígbà tó di ọjọ́ 11 oṣù náà, ó ń tún rólà rẹ̀ ṣe l'ójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, ní ìtòsí ibi tí à ń pè ní Ìkeji-Arákeji. Ó ní ojú ọjọ́ ṣókùnkùn, gbogbo nǹkan pa rọ́rọ́, ohùn kan sì pe orúkọ òun l'ẹ́ẹ̀mẹta. Ohùn náà ní kí òun fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀, kí òun lọ máa wàásù.

Ó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Òyìnbó ọ̀gá rẹ̀ rọ̀ ọ́ kó má lọ, kò gbọ́. Ẹ wo ọkàn ìyá rẹ̀ n'ílé! Ọmọ tí wọ́n ń retí kó mú owó wálé, ó fi irin ìjọba sílẹ̀ s'ẹ́bàá ọ̀nà, ó ní Ọlọ́run pe òun.

ỌJÀ FỌ́N KÁ

Àwọn tó kọ ìtàn rẹ̀ sọ pé ọjọ́ ọjà ló wọ Odò-Ọwá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe bí awakọ̀ rólà ló ṣe wọlé. Eérú ló fi para láti orí dé ẹsẹ̀, imọ̀ ọ̀pẹ ló so mọ́ra. Ó ń wàásù, ó ń kìlọ̀ pé kí ìlú ronú pìwà dà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àjálù ń bọ̀.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ mọ bí ọjà ṣe ń rí bí wèrè bá já wọ̀ ọ́. Ìpayà dé. Ta ni yóò dúró tajà? Ta ni yóò dúró gba ṣéńjì? Ojú tó mọ̀ ọ́n ní kékeré, tó mọ bàbá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wò ó, kò gbà á gbọ́. Wọ́n ní orí ọmọ Rótìmí ti dàrú.

Òkìkí ọ̀rọ̀ náà kò parí sí Odò-Ọwá. Wọ́n mú un, wọ́n gbé ẹjọ́ rẹ̀ wá sí Ìlọrin níbí, s'ọ́dọ̀ òyìnbó D.O. Ẹ̀sùn wọn ni pé ó ń da àlàáfíà ìlú rú. Nígbà náà, ẹni tí wọ́n bá fà dé iwájú D.O., ara rẹ̀ á máa gbọ̀n ni. Òyìnbó lè ní kí wọ́n tì í mọ́lé, kò sì sí ẹni tí yóò bi í pé kí ló dé.

Wọ́n rojọ́. Òyìnbó yẹ ẹjọ́ náà wò, kò rí ẹ̀rí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Eérú tí èèyàn fi para kì í ṣe olè jíjà. Ìwàásù kì í ṣe ìpànìyàn. Wọ́n dá a sílẹ̀, ó ń lọ s'ílé rẹ̀. Bí ẹjọ́ ọmọ tí àwọn ará ilé rẹ̀ ò gbà gbọ́ ṣe parí l'Ílọrin nìyẹn: àlejò tí kò mọ̀ ọ́n rí ló ní kò ṣẹ̀.

Ìtàn náà sọ pé kò pẹ́ lẹ́yìn èyí ni ìgbóná bẹ́ sílẹ̀ ní Odò-Ọwá, àìsàn burúkú tí àwọn àgbà kì í fẹ́ dárúkọ. L'ayé ìgbà yẹn, bí ó bá wọ agboolé, a máa kó wọn lọ ni. Ìgbà náà ni wọ́n rántí ẹni tí wọ́n pè ní wèrè. Wọ́n wá a lọ. Ó gbàdúrà fún àwọn tó ń ṣàìsàn, àwọn tó kọ ìtàn rẹ̀ sì sọ pé ara wọn yá. Ẹni tí wọ́n lé l'ọ́jọ́ ọjà ni wọ́n bẹ̀ l'ọ́jọ́ àìsàn.

ṢỌ́Ọ̀ṢÌ BÀBÁ RẸ̀ LÉ E

Ẹ má rò pé wàhálà tán. Babalọlá bẹ̀rẹ̀ ìpàdé àdúrà nínú ṣọ́ọ̀ṣì C.M.S. tí bàbá rẹ̀ ń lọ. Èrò ń wá. Àwọn obìnrin ń ríran, àwọn kan ń fi èdè àjèjì sọ̀rọ̀. Àwọn aláṣẹ ìjọ ní kí ni irú èyí? Ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń kọrin nínú ìwé, tí wọ́n fi ń jókòó jẹ́ẹ́, ló wá di ilé ariwo yìí? Wọ́n ní kó jáde kúrò nínú ìjọ àwọn, òun àti àwọn tó tẹ̀lé e.

Ẹ rò ó wò. Ọmọ Bàbá Ìjọ ni wọ́n lé jáde. Bàbá ń bẹ nínú ìjọ, ọmọ ń bẹ ní ìta. Kì í ṣe àfáà ló lé e, kì í ṣe abọ̀rìṣà ló lé e. Onígbàgbọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí onígbàgbọ́ máa nàka sí Mùsùlùmí pé àwọn nìkan ló ń ṣe inúnibíni. Ìbẹ̀rù ohun tuntun kò mọ ẹ̀sìn.

Ní oṣù Disẹ́ńbà ọdún 1929, Babalọlá ti dé Èkó. Wọ́n rì í bọmi nínú ọ̀sà l'ọ́wọ́ Pásítọ̀ Esinsinade ti ìjọ Faith Tabernacle. Nígbà tó fi di oṣù keje ọdún 1930, ó dé Òkè-Oòyè n'Íléṣà. Ibẹ̀ ni òkìkí rẹ̀ ti kàn. Ìròyìn jáde pé òkú ọmọ kan jí nígbà tó gbàdúrà. Ló bá di pé èrò ń wọ́ lọ bí omi òjò. Kristẹni lọ, Mùsùlùmí lọ, abọ̀rìṣà lọ. Wọ́n ń gbé ìkòkò omi lọ kó lè gbàdúrà sí i, wọ́n ń pè é ní omi ìyè. Láti Iléṣà, ó gba Ẹ̀fọ̀n-Aláayè lọ, ọba ìlú náà sì gba ìgbàgbọ́.

Ojú rẹ̀ sì tún rí màbo. Ní ọdún 1932, wọ́n jù ú sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Bìní nítorí ìwàásù rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àjẹ́. Ó ṣe é tán, ó jáde, ó tún gbé agogo rẹ̀. Àwọn tó tẹ̀lé e ló wá di ìjọ Kírísítì Àpósítélì, C.A.C., tí ìjọba fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1943. Ó kú ní Ẹdẹ l'ọ́jọ́ 26 oṣù keje ọdún 1959, wọ́n sì sin ín sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Ní Ìkeji-Arákeji, níbi tó ti fi rólà sílẹ̀, yunifásítì tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀ báyìí láti ọdún 2006. Sítáńdáàdì Fọ́ọ̀ ni onítọ̀hún kà o!

ẸNI TÓ MỌ Ọ̀RỌ̀ Í SỌ

Ó wá ku ibì kan tó yẹ kí àwọn onígbàgbọ́ tuntun fetí sí dáadáa. Bó ti ń jó wọn nínú láti wàásù yẹn, ọ̀nà wo ni wọn yóò gbà ṣe é tí ilé kò fi ní dàrú? Ẹlòmíì gbàgbọ́ l'ọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ Ajé ló ti pe bàbá rẹ̀ ní ọmọ iná ọ̀run. Ẹlòmíì á ju ẹran Iléyá tí ìyá rẹ̀ gbé fún un nù l'ójú ìyá. Bí wọ́n bá wá lé e jáde, á ní wọ́n ń ṣe inúnibíni sí òun nítorí Jésù. Irọ́ ni. Nítorí àìmọ̀wàáhù ni.

Ẹ jẹ́ ká wo Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther. Ọmọ Òṣogùn ni. Ọdún 1821 ni ogun kó ìlú wọn, tí wọ́n kó o l'ẹ́rú, òun àti ìyá rẹ̀. Lára àwọn jagunjagun tó kó wọn, Mùsùlùmí wà níbẹ̀. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí tó fi dé inú ọkọ̀ ojú omi. Àwọn ọmọ ogun ojú omi òyìnbó ló gbà á sílẹ̀ ní 1822, wọ́n gbé e lọ sí Sàró. Ibẹ̀ ló ti gba ìgbàgbọ́, tí wọ́n rì í bọmi ní 1825. Ní ọdún 1864, ó di bíṣọ́ọ̀bù dúdú àkọ́kọ́ nínú ìjọ Áńgílíkà.

Bó bá jẹ́ ẹlòmíì, bó bá rí Mùsùlùmí, inú á máa bí i ni. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1872, Crowther wá sí ààfin Ẹ́míà l'Ílọrin níbí. Ó jókòó. Wọ́n bi í l'éèrè lórí Jésù, ó ń dá wọn lóhùn. Kì í ṣe pẹ̀lú èébú. Ìwé Mímọ́ tí wọ́n ti túmọ̀ sí Yorùbá ló ń ṣí, ohun tó wà nínú rẹ̀ ló ń kà sí wọn létí, l'édè tí gbogbo ilé gbọ́. Kò ní ẹ̀sìn wọn kò dára. Ohun tó gbàgbọ́ ló sọ, ó sì dákẹ́. Nígbà tó jáde, kò sí ẹni tó sọ òkúta tẹ̀lé e.

Ìyá rẹ̀ ńkọ́? Ọdún 25 ni wọn kò fi rí ara wọn. Oṣù kẹjọ ọdún 1846 ni wọ́n tó pàdé l'Ábẹ́òkúta. Ẹ mọ ẹkún tí wọ́n sun. Ìyá náà, Afala lorúkọ rẹ̀, kò mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì rí. Ọmọ rẹ̀ gbà á s'ọ́dọ̀, ó ń tọ́jú rẹ̀. Oṣù kejì ọdún 1848 ni wọ́n tó rì í bọmi, tí wọ́n sọ ọ́ ní Hánà. Ọdún kan àti ààbọ̀ ló fi rí ìwà ọmọ rẹ̀ kó tó tẹ̀lé ẹ̀sìn ọmọ rẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ẹni tó fẹ́ tajà kì í bú oníbàárà. Kì í sì í lọ da ọjà ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nù kí tirẹ̀ lè tà. Yóò ṣí igbá tirẹ̀ sílẹ̀, yóò nù ún mọ́, yóò pè é l'ọ́jà rere, oníbàárà ni yóò fi ojú ara rẹ̀ yàn.

ÌYÀNJÚ FÚN ÀWỌN ÒBÍ

Ó ku tiyín, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi òfin lélẹ̀. Abala 38 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ní ẹ̀tọ́ ni fún ẹnikẹ́ni láti yí ẹ̀sìn rẹ̀ padà, kó sì fi ẹ̀sìn náà han àwọn ẹlòmíì, yálà òun nìkan tàbí pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀. Òfin náà kò sọ pé ti Mùsùlùmí tó di Kristẹni nìkan. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì tó bá lọ mọ́ṣáláṣí, òfin kan náà ló bò ó. Bàbá Kristẹni tó ń patẹ́wọ́ fún ọmọ àfáà, kó ṣe tán láti patẹ́wọ́ bó bá kan ọmọ tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n òfin kò lè gbé abọ́ oúnjẹ fún ọmọ. Mọ̀lẹ́bí ló ń ṣe ìyẹn. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn sì gbóná n'ílùú yìí. Gbogbo wa rí i ní ọdún 2021, nígbà tí ọ̀rọ̀ híjáàbù mú kí ìjọba Kwara ti ilé-ìwé mẹ́wàá pa l'Ílọrin. Bí iná ìta bá gbóná tó báyẹn, kò yẹ kí a tún dá ti inú yàrá.

Ẹ wo ilé Bíṣọ́ọ̀bù David Oyèdépò, ọmọ Òmù-Àrán. Bàbá rẹ̀, Ibrahim, Mùsùlùmí tó ń ṣe ìwòsàn ni. Ìyá rẹ̀, Dorcas, ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù ni. Olùkọ́ rẹ̀ kan, obìnrin kan tó ń jẹ́ Betty Lasher, ló mú un mọ Jésù ní ọdún 1969. Ìlọrin níbí náà ló ti kàwé ìyàwòrán ilé ní Pólì Kwara, tó sì ṣiṣẹ́ ìjọba kó tó gbájú mọ́ ìwàásù. Inú ilé ẹlẹ́sìn méjì ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti jáde. Ta ló mọ ohun tí ọmọ tí wọ́n fẹ́ lé jáde lónìí yóò dà lọ́la?

Nítorí náà, bí ọmọ bá sọ pé òun ti yí padà, ẹ bínú o, ẹ ò ní ṣàì bínú. Ẹ sunkún bí ẹkún bá wá. Ṣùgbọ́n ẹ má gba ìwé l'ọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù l'ọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí òtútù òru kan pa á l'ójú títì. Bí ọwọ́ òsì bá na ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Bí ẹ bá lé e, ẹlòmíì ni yóò gbà á, ẹ kò sì mọ irú ẹni tí yóò jẹ́.

Ìwọ ọmọ náà, Iléyá ń bọ̀. Bí wọn kò bá tíì fẹ́ kí o jókòó ti àwo oúnjẹ, lọ ran ìyá rẹ lọ́wọ́ ní ìdí ààrò. Pọn omi. Gé àlùbọ́sà. Kí bàbá rẹ kú ọdún. Bí ojú rẹ bá ṣe rí l'ọ́jọ́ náà, ìyẹn ni ìwàásù tí wọn yóò gbọ́.

Odò-Ọwá lé Babalọlá, Odò-Ọwá náà ló tún lọ bẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń lé lọ́wọ́lọ́wọ́, kó ní sùúrù, kó sì fi ilẹ̀kùn tirẹ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí. Ọjọ́ tí wọ́n bá kànkùn, kó má ṣe ránnilétí ọjọ́ ọjà.

Ẹ̀yin tí irú ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ n'ílé yín, yálà ẹ̀yin ni òbí tàbí ẹ̀yin ni ọmọ, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ojú ewé lẹ́tà. Ẹ sọ bí ẹ ṣe yanjú rẹ̀, kí ẹlòmíì lè fi ṣe àríkọ́gbọ́n.